Ibi Tí Mítà Kọ̀ọ̀kan Ti Ń Purọ́

Bí ẹnjiníà bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkejà, tó ní òun fẹ́ mítà tó dára jù, mi ò ní dárúkọ iye owó kankan. Màá kọ́kọ́ bi í pé, "Kí lẹ fẹ́ fi wọ̀n?" Àwọn mìíràn máa ń rò pé ọgbọ́n àtiyọ owó lápò wọn ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ rédíò ní Ìbàdàn títí di òní tí mo ń ta ẹ̀rọ ìwọ̀n iná fún àwọn tó ń ṣe sólà, mi ò tíì rí mítà tí kì í purọ́ níbì kan. Ẹni tó bá mọ ibi tí tirẹ̀ ti ń purọ́ ló mọ mítà rà.

Apá Ògùnpa ni ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi wà, nígbà tí àwọn ọdún 1970 ń parí lọ. Tẹ́sítà tiwa ọmọ iṣẹ́ ni gílóòbù kan tí a so mọ́ wáyà iná: a ó fi ẹnu wáyà méjèèjì kan ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò, bó bá tàn, iná ń kọjá nìyẹn. Fún sípíkà, bátìrì kan ti tó; tó bá ti dún "kẹ́", ó yè. Mítà AVO wà lórí tábìlì ọ̀gá fúnra rẹ̀, àpótí dúdú tó wúwo, tó ní okùn awọ tí wọ́n fi ń gbé e. A ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án bí ọ̀gá ò bá sí nílé.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Donald Macadie, ẹnjiníà ní ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ni kíkó mítà oríṣiríṣi káàkiri sú, ló bá ronú èyí tó máa wọn amp, volt àti ohm pọ̀, ìyẹn AVO. Ọdún 1923 ni wọ́n gbé e jáde fún títà. Model 8 ni ti ọ̀gá mi. 1951 ni irú rẹ̀ kọ́kọ́ dé ọjà, wọn ò sì dáwọ́ AVO ṣíṣe dúró títí di 2008. Ẹ wo bí irinṣẹ́ kan ṣe lè pẹ́ tó láyé! Bí ẹnì kan bá fi í wọn iná tó ju agbára rẹ̀ lọ, bọ́tìnnì kan á ta sókè, ọ̀nà iná á já, abẹ́rẹ́ ò sì ní tẹ̀. Ìyọnu rẹ̀ kan ṣoṣo ni bátìrì kékeré oní 15 volt tó fi ń wọn ohm gíga. Ẹ ò lè rí i rà lọ́wọ́ ẹni tó ń ta bátìrì tọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tí mo gba òmìnira, apá mi ò ká AVO, Sanwa YX-360 ni mo rà, mítà alábẹ́rẹ́ ti àwọn ará Japan. Kò pẹ́ tí ayédèrú rẹ̀ fi kún ìgboro, tí kò fi sí oníṣẹ́ rédíò tí kò ní ọ̀kan. Ìgbà náà ni irọ́ mítà bẹ̀rẹ̀ sí í yé mi, ó sì yẹ kí n fi ọ̀kan hàn yín.

Ẹ mú bátìrì 9 volt, kí ẹ so resistor méjì tó jẹ́ 100,000 ohm ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Ọmọ ilé ìwé mọ̀ pé 4.5 volt ló gbọ́dọ̀ wà láàrin wọn. Ẹ yí Sanwa sí 10 volt, ẹ fi kàn án: abẹ́rẹ́ á dúró sí 3.6. Mítà ò bàjẹ́, resistor ò sì bàjẹ́. Mítà tí wọ́n bá kọ 20,000 ohm fún volt kọ̀ọ̀kan sí lójú, resistor 200,000 ohm ni òun náà jẹ́ tí a bá yí i sí 10 volt, bí ẹ sì ṣe fi kan ibẹ̀, ẹ ti so resistor kẹta mọ́ iṣẹ́ náà. Irú èyí tí ó rọjú, tó jẹ́ 2,000 ohm fún volt kan, á fà á wálẹ̀ dé 1.3. Mítà onínọ́ńbà, tí tirẹ̀ sábà máa ń jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́wàá ohm, á ka nǹkan bíi 4.48.

Ẹ ó ní kí gbogbo ayé kúkú ju mítà alábẹ́rẹ́ nù nígbà náà. Ṣùgbọ́n ìwé àtúnṣe rédíò àtijọ́ máa ń kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé mítà 20,000 ohm fún volt ni àwọn fi wọn iye tí àwọn kọ síbẹ̀. Irọ́ mítà ti wà nínú ìwé náà! Ẹni tó bá fi mítà onínọ́ńbà tuntun wọn rédíò bẹ́ẹ̀, á rí iye tó ga ju ti ìwé lọ láwọn ojú ibì kan, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá àìsàn lára ẹni tó yá. Mo ṣì ní oníbàárà tó ń tún rédíò àwọn bàbá wa ṣe, mítà alábẹ́rẹ́ ni mo máa ń sọ pé kó rà.

Mítà onínọ́ńbà alágbèéká wá di ohun tí gbogbo wa ń fọkàn fẹ́. Fluke, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ti wà láti 1948, gbé 8020A jáde ní 1977, ó sì gbé 77 tẹ̀lé e ní 1983. Àwọ̀ ìyeyè wọn gbajúmọ̀ débi pé ní 2014, aṣọ́bodè Amẹ́ríkà gbẹ́sẹ̀ lé mítà ẹgbẹ̀rún méjì tí ilé ìtajà kan níbẹ̀ rà wá láti Ṣáínà, nítorí pé àwọ̀ wọn jọ ti Fluke. Bí aṣọ́bodè tiwa bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀, ọjà Àlàbá máa ṣófo ni.

Tẹlifíṣọ̀n ló fi hàn wá pé mítà nìkan ò tó. WNTV ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn láti 1959, nítorí náà tẹlifíṣọ̀n kì í ṣe àjèjì sí wa, àmọ́ èyí tó ń yọ àwọ̀ ló kó iṣẹ́ gidi wá. Mítà lè sọ fún yín pé 12 volt wà níbì kan. Kò lè sọ bóyá iná náà dúró jẹ́ẹ́ tàbí ó ń gbọ̀n. Oscilloscope ló ń jẹ́ kí a fojú rí i. Sikóòpù, bí a ṣe ń pè é, kì í ṣe ohun tí oníṣẹ́ kan ń rà tuntun nígbà náà. Tòkunbọ̀ láti London ni tèmi, Tektronix 465 oní 100 MHz, irú tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1972 ní Oregon. Ó gba ìdajì tábìlì. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ọkọ̀ tí mo ń wà nígbà náà lọ.

Ohun tí ẹni tó ń ra sikóòpù ń kọ́kọ́ wò ni MHz, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń ṣì í rà. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ibi tí ẹ̀rọ náà ti ń ríran kedere, ibi tí ìríran rẹ̀ ti dínkù ni. Ẹ fún sikóòpù 100 MHz ní ìgbì 100 MHz tó ga ní volt kan, nǹkan bíi 0.7 ló máa fi hàn yín. Bí ìgbì náà bá jẹ́ onígun mẹ́rin, ẹ ò ní rí igun kankan, róbótó ni á yọ sí yín. Àwa máa ń wá sikóòpù tó fi ìlọ́po márùn-ún ju ohun tí a fẹ́ wò lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ pé amúgbóhùn ṣọ́ọ̀ṣì ló ń tún ṣe, ohùn tí etí ń gbọ́ ò kọjá 20 kHz, kí ló fẹ́ fi 200 MHz ṣe? Kó fi owó yẹn wá èyí tó ní ojú mẹ́rin, tó lè wo ìgbì mẹ́rin pọ̀. Rigol DS1054Z ti àwọn ará Ṣáínà, tó jẹ́ 50 MHz péré, ló sọ ojú mẹ́rin di ohun tí apá ọ̀dọ́ ẹnjiníà ká.

Próòbù, ìyẹn wáyà tí sikóòpù fi ń kan ohun tí a fẹ́ wò, òun náà ńkọ́? Mo rí ẹni tó ra sikóòpù ńlá, tó fi próòbù rẹ̀ sílẹ̀ sí 1X láti ọjọ́ tó ti tú u nínú páálí. Ọ̀pọ̀ próòbù tó ní bọ́tìnnì 1X àti 10X, nǹkan bíi 6 MHz ló kù tí a bá yí i sí 1X. Owó tó san fún ìyókù ti ṣòfò. Bó bá sì yí i sí 10X, ó kù kó fi ẹnu rẹ̀ kan ibi tí ìgbì 1 kHz ti ń yọ níwájú sikóòpù, kó mú skurudiráfà kékeré, kó máa yí skúrù inú próòbù díẹ̀díẹ̀. Bí igun ìgbì náà bá rọ̀ tàbí tó yọ ìwo, kò tíì tó. Ìgbà tí orí rẹ̀ bá tẹ́ pẹrẹsẹ ló tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ próòbù ò tíì tán o. Wáyà ilẹ̀ sikóòpù so mọ́ ilẹ̀ iná ilé gan-an. Ẹni tó bá fi í há apá gbígbóná nínú ẹ̀rọ iná tẹlifíṣọ̀n, láìkọ́kọ́ fi àyípadà iná, ìyẹn isolation transformer, ya tẹlifíṣọ̀n náà sọ́tọ̀ kúrò lára NEPA, á gbọ́ ìbúgbàù. Mo wà ní Àlàbá lọ́jọ́ tí ọ̀rẹ́ mi kan gbọ́ tirẹ̀. Bí owó ò bá tó ra sikóòpù àti àyípadà pọ̀, mo máa ń ní kí wọ́n ra àyípadà ṣáájú.

Lẹ́yìn tí GSM dé ní 2001, iṣẹ́ fò kúrò lára tẹlifíṣọ̀n, ó di ti fóònù. Ẹ̀rọ tó ń pèsè iná DC, tó ní mítà amp lójú, ló wá di ọ̀gá. Oníṣẹ́ fóònù tó mọṣẹ́ kì í yára fi mítà kan ohunkóhun. Á fún fóònù ní iná, á tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, á sì máa wo bí amp ṣe ń gòkè sọ̀kalẹ̀. Bí amp bá ti fò sókè kó tó tẹ bọ́tìnnì, iná ti pàdé níbì kan. Láti rí ibẹ̀, wọ́n á fi èéfín rosin bo bọ́ọ̀dù náà títí á fi funfun, wọ́n á tún fún un ní iná. Ibi tí funfun náà bá ti kọ́kọ́ yọ́, ibẹ̀ ni ẹlẹ́ṣẹ̀ wà. Kámẹ́rà tó ń rí ooru ti wà báyìí, ó sì dára, àmọ́ rosin ò gbówó lórí.

Ínfátà ló dá wàhálà sílẹ̀ jù nínú gbogbo ohun tí mo ti ta mítà fún. Ẹlẹ́tíríṣíà kan wá bá mi, inú ń bí i. "Ẹ̀gbọ́n, ínfátà tí ẹ júwe fún mi ò yọ ju 180 lọ, oníbàárà mi ti fẹ́ gbowó rẹ̀ padà." Mo ní kó gbé e wá. Mo fi mítà tirẹ̀ àti mítà True RMS kan sínú ojú ìtẹ̀bọ̀ kan náà. Tirẹ̀ ka 181, tèmi ka 230. Kò gbà mí gbọ́, ó ní ti ọjà mi ni mo ń gbè. Mo bá mú gílóòbù 60 watt méjì tó ní wáyà nínú, mo so ọ̀kan mọ́ NEPA, mo so èkejì mọ́ ínfátà. Ìmọ́lẹ̀ wọn dọ́gba. Ooru ni gílóòbù ń bá ṣiṣẹ́, iye tó bá ooru náà mu sì ni True RMS ń kà, kò sí ayédèrú níbẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ínfátà olówó kékeré kì í yọ ìgbì tó ń yí wẹ́rẹ́ bíi ti NEPA. Bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn ló ń ṣe: ó fò sókè, ó dúró, ó padà sí òdo, ó tún fò sísàlẹ̀. Mítà lásán máa ń wá àròpín, á sì fi 1.11 sọ ọ́ di púpọ̀, torí ó ti gbà pé ìgbì NEPA ló wà níwájú òun. Bí ínfátà bá ń fò dé 325 volt, tó ń dúró síbẹ̀ fún ìdajì àkókò, 230 volt gan-an ló ń yọ, 180 ni mítà àròpín á kà. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn kan á ṣí ínfátà, wọ́n á yí i títí mítà wọn fi máa ka 220. Nígbà yẹn, ohun tó ń wọ inú fáànù àti tẹlifíṣọ̀n ti ju 250 lọ.

Àwọn onísólà náà ní tiwọn. Wọ́n á ra mítà agbámú, èyí tó ń gbá wáyà mú láti ka amp, wọ́n á gbá wáyà páànẹ́lì mú, òdo ni wọ́n á rí. AC nìkan ni èyí tó pọ̀ jù lára àwọn tó rọjú ń kà. DC ló ń ti páànẹ́lì wá. Ní ti ààbò, ẹ má gba ohun tí wọ́n tẹ̀ sára mítà gbọ́. Kíkọ àmì ààbò CAT III 1000V kì í ná wọn ju yíǹkì lọ. Ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó. Bí fíúsì inú rẹ̀ bá jẹ́ gíláàsì tín-ínrín, ẹ dá a padà. Ti mítà gidi tóbi, amọ̀ ni ara rẹ̀, iyanrìn ló wà nínú rẹ̀ tó ń pa iná ìbúgbàù. Mítà ìyeyè kékeré tí gbogbo ọmọ iṣẹ́ ní, ihò 10 amp rẹ̀ kò ní fíúsì rárá, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ fi wọn bátìrì rédíò, kó má dé ibi pátákó iná ilé iṣẹ́.

Bátìrì lithium ni wọ́n ń bèèrè jù lọ́wọ́ mi báyìí. Ọ̀dọ́bìnrin ẹnjiníà kan tó ń to bátìrì kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ jọ fún ínfátà wá láìpẹ́. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ mítà tó máa sọ èyí tó dára lára wọn fún mi." Mítà tó mú dání ò burú, àmọ́ ohm inú bátìrì kì í ṣe ohun tí ìpele ohm lásán ń kà, òun náà ń fún ohun tó bá ń wọ̀n ní iná, bátìrì á sì dà á rú. Mo ní kó pa ẹnu wáyà méjèèjì pọ̀ kó wò ó: 0.2 ohm. Bátìrì tó dára nínú àwọn tirẹ̀ ò ju 0.05 lọ. Mo gbé èyí tó ní wáyà mẹ́rin fún un, méjì ń gbé iná kékeré oní 1 kHz lọ, méjì ń ka volt, tí wáyà fúnra rẹ̀ ò fi ní wọ inú ìṣirò. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi máákà kọ nọ́ńbà sára bátìrì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdajì ló kó padà sínú àpò, ìyókù ló fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń ra ìdọ̀tí.