Sọ́rì Wo Ni?

Bóyá ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí àwọn ọmọ wa tètè ń mọ̀ tó "sọ́rì". Ọmọ tí kò tíì lè ka A, B, D ti mọ̀ ọ́n. Ó da omi sí ìyá rẹ̀ lára: sọ́rì. Ó lu àbúrò rẹ̀: sọ́rì, ó sì ti sáré lọ. Ẹ̀yin ìyàwó ilé pàápàá mọ sọ́rì tí ọkọ máa ń sọ nígbà tí ó bá ti kọ ẹ̀yìn síni, tí ó ń bọ bàtà.

Bí ẹlòmíràn bá fi ẹsẹ̀ kọ, Yorùbá yóò ní, "Pẹ̀lẹ́ o." Bí ó bá jẹ́ pé àwa ni a tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, a ó ní, "Ẹ má bínú." Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, "Ẹ kú ìrọ́jú" ni a ń kí i. Bí ẹ̀ṣẹ̀ náà bá sì tóbi, a ó kúnlẹ̀, a ó ní, "Ẹ dárí jì mí." Gẹ̀ẹ́sì kó gbogbo wọn sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Bí Òyìnbó kò bá gbọ́ ohun tí ẹ wí, sọ́rì náà ni yóò tún fi bẹ̀ yín pé kí ẹ tún un sọ!

Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, láti ara ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí egbò àti ìrora ni sọ́rì ti jáde. Ẹni tí ó bá wí i nígbà náà, nǹkan ń dùn ún.

Àbúrò mi kan tí ó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù rí ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tí ó ṣubú, ó sì ní, "Sọ́rì o." Obìnrin náà wò ó, ó ní, "Èéṣe? Ṣé ìwọ ni o tì mí ni?" Pẹ̀lẹ́ ni àbúrò mi wí; ẹ̀bi ni ẹni náà gbọ́. Àwọn aṣòfin pàápàá mọ ìṣòro yìí. Ní Ontario, ní ilẹ̀ Kánádà, wọ́n ṣe òfin ní 2009 pé sọ́rì tí ènìyàn bá sọ kò lè di ẹ̀rí ẹ̀bi fún un nínú ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn.

Èyí tí ó dùn mí jù ni ti Ọsirélíà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ìjọba ibẹ̀ fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ àwọn ìyá tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bèèrè fún sọ́rì, John Howard tí ó jẹ́ olórí ìjọba gbà ní 1999 láti sọ pé ọ̀rọ̀ náà bà wọ́n nínú jẹ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí sọ́rì jáde lẹ́nu. Ọjọ́ 13 oṣù Kejì 2008 ni Kevin Rudd tó sọ ọ́ nínú ilé aṣòfin, tí àwọn àgbàlagbà sì ń sunkún. Ìyá mélòó ni ó ti kú kí ọjọ́ náà tó pé?

Nínú ilé tèmi, ọmọ tí ó bá ní sọ́rì, mo máa ń bi í pé, "Èwo nínú wọn?" Yóò dúró, yóò wo ojú ẹni tí ó ṣẹ̀, yóò sì mú ọ̀kan: pẹ̀lẹ́ ni, tàbí jọ̀wọ́ má bínú. Nígbà mìíràn, ibẹ̀ ni omi ti ń bọ́ lójú òun fúnra rẹ̀. Bàbá wọn ní òun ti dàgbà ju ẹni tí à ń bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ṣì ń bi í.