Ilé Bàbá Wa Létí Odò

Ilé tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún wa ní abúlé kan ní Ọ̀nà-Àrà kò ní pílánù tí ẹnikẹ́ni buwọ́ lù rí. Owó kòkó ló fi kọ́ ọ, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí ìjà Àgbẹ̀kọ̀yà ọdún 1968 sí 1969 rọlẹ̀, tí ọkàn àwọn àgbẹ̀ tún balẹ̀. Okùn àti èèkàn ni bíríkìlà fi wọn ìpìlẹ̀ rẹ̀. Yàrá mẹ́jọ kọjú síra, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gba àárín wọn kọjá. Ṣáláńgá wà lẹ́yìnkùlé, kànga kò sì jìnnà sí i. N kò bá bàbá wí. Òfin ètò ìlú ti wà láti 1946, ṣùgbọ́n ibi tí ìjọba bá yà sọ́tọ̀ fún ètò nìkan ló mú. Ta ni yóò ti Ìbàdàn wá bi àgbẹ̀ oníkòkó ní pílánù ilé?

Ìgboro ló wá bá wa lábúlé. Òfin ọdún 1992 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé láìgba ìwé àṣẹ. Nígbà tó di 2006, ìjọba àpapọ̀ tún gbé ìwé ìlànà ilé kíkọ́ jáde fún gbogbo Nàìjíríà. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ẹ̀gbọ́n mi kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta síwájú ilé, lójú ibi tí àgbàrá ń gbà lọ sódò. Lónìí, ọ̀dà pupa ti wà lára ògiri wa: X ńlá kan, pé ilé náà súnmọ́ odò jù.

Ẹni tí kò bá gbé Ìbàdàn lè rò pé ìyọlẹ́nu lásán ni X yẹn. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún, ó gbé ilé, ó gbé ènìyàn. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo tún pa ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún, afárá sì já káàkiri. Ọjọ́ náà ni omi dé ojú fèrèsé ilé bàbá wa. Láti ìgbà náà ni ìjọba ti ń sàmì sára ilé etí odò. Ní 2014, Báńkì Àgbáyé yá wa ní 200 mílíọ̀nù dọ́là kí a lè fi kojú omíyalé ní Ìbàdàn.

Nígbà tí a pinnu láti ta ilé náà, àjẹ́ǹtì kan mú oníbàárà wá. Ojú ẹsẹ̀ ni ọkùnrin náà fẹ́ san gbogbo owó, ṣùgbọ́n ìdajì ohun tí irú ilé bẹ́ẹ̀ ń lọ ló dá lé e. Ó ní ta ni yóò tún ra ilé tó ti gba X? Kò bi wá bí omi ṣe ga tó ní 2011. Lẹ́yìn náà la gbọ́ pé ó fẹ́ kun ilé náà ní ọ̀dà funfun, kó sì kó ayálégbé sínú rẹ̀. Àbúrò mi tó wà ní ìlú òyìnbó ní ká gbowó wa, pé ohun tí ẹni tó rajà bá fi ọjà rẹ̀ ṣe kò kàn wá mọ́.

Ó kàn mí. Mo mọ yàrá tí omi kọ́kọ́ máa ń wọ̀, mo sì mọ̀ pé ayálégbé tó bá kó ẹrù débẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ọmọdé lè fo odò náà kọjá, yóò tẹ́ ẹní àwọn ọmọ rẹ̀ síbẹ̀. A kò lè ta irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ ilé ká ní ọwọ́ wa mọ́.

Mo tún sọ fún àbúrò mi pé ìkánjú wa gan-an ló ń gé owó ilé náà, ju X lọ. Ilẹ̀ ni ènìyàn ń rà lágbègbè wa báyìí, pàápàá láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ọ̀nà àyíká Ìbàdàn ti dìde, ọ̀nà oní-110 kìlómítà tó gba Ọ̀nà-Àrà, Ẹgbẹ́dà, Lágelú àti Akínyẹlé. Ìyàwó méjì sì ni bàbá fẹ́, kò kọ ìwé ìhágún. Ìdí-igi, ìyẹn ìpín kan fún ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan, la ó fi pín in, gẹ́gẹ́ bí ilé-ẹjọ́ ṣe fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú ẹjọ́ Dánmọ́lé àti Dáwódù ní 1958, tí ilé-ẹjọ́ gíga ní Lọ́ńdọ̀nù sì fọwọ́ sí ní 1962. Bí olórí ẹbí bá dá ilé ẹbí tà láìsí àwọn àgbà ìdí-igi kejì, wọ́n lè lọ sí kóòtù kí wọ́n tú ọjà náà ká. Bí àwọn yòókù bá sì tà á lẹ́yìn olórí ẹbí, wọn kò ta nǹkan kan. Owó ojú ẹsẹ̀ kò lè yára ju ìyẹn lọ.

A ti wó ṣọ́ọ̀bù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀gbọ́n mi bínú, ṣùgbọ́n ó yọ̀ǹda. Lọ́yà ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé: pé kò sí pílánù, pé X wà lára ògiri, pé omi dé ojú fèrèsé ní 2011, pé kànga súnmọ́ ṣáláńgá, pé sàréè bàbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, a kò sì tà á mọ́ ọn. Ìdí méjèèjì ti buwọ́ lù ú, àfi ọmọ bàbá mi kan tó wà ní Kàdúná, tí a ń retí. Ọkùnrin àkọ́kọ́ kò padà wá mọ́. Obìnrin tó fẹ́ rà á báyìí ka ìwé náà tán, ó ní òun kò ní sanwó títí oṣù kẹsàn-án, kí òun wá wo odò náà nígbà tó bá kún. A ti gbà fún un.