Agbọ́n Tó Gba Ẹ̀gẹ́ Là
Gàrí tí à ń gbé láti Ẹ̀sà-Òkè wá sílé-ẹ̀kọ́ ní ìtàn. Láyé àwọn ìyá wa àgbà, kòkòrò funfun kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà ń ba ẹ̀gẹ́ jẹ́ káàkiri Áfíríkà. Àwọn onímọ̀ IITA n'Íbàdàn gba agbọ́n tín-ń-tín kan láti Paraguay, wọ́n tú u sílẹ̀ ní 1981. Inú kòkòrò náà ló ń yé ẹyin sí. Ọmọ rẹ̀ á jẹ ẹ́ láti inú. Àgbẹ̀ kankan ò san kọ́bọ̀. Owó ìlú òkèèrè ló pọ̀ jù níbẹ̀, ìyẹn ń dùn wá díẹ̀. Láti 2016, kòkòrò mìíràn ti ń jẹ àgbàdo wa. Ṣé àlejò la tún fẹ́ dúró dè? Kí ìjọba fi owó ìwádìí sínú ìṣúná, kí wọ́n sì san án. Ní báyìí, eérú làwọn òbí wa ń bù sínú ọ̀mùnú àgbàdo.