Yìnyín Kì í Fọ Dàbínù

Bí oòrùn bá ti ń wọ̀ lọ nínú oṣù Rámádánì, ọjà a máa yí ohùn padà ní Bàrígà. Àwọn tí ń kiri búrẹ́dì láti òwúrọ̀ a dákẹ́. Àwọn ẹlẹ́ja yíyan tí ó ti etí ọ̀sà wá a palẹ̀ atẹ mọ́. Àwọn Hausa tí ń ti ọmọlanke a sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì, wọn a to imumu, àgbọn àti dàbínù ní òkìtì òkìtì. Aláàwẹ̀ tí ó ti Ṣómólú ń bọ̀, tí tàdáwà ilé ìtẹ̀wé ṣì wà ní èékánná rẹ̀, a dúró, a ra ìwọ̀n tí owó rẹ̀ ká, a sì máa retí ìpè àdúrà. Ẹ̀sìn rẹ̀ ti kọ́ ọ pé dàbínù ni Ànábì máa ń fi ṣínu. Ara rẹ̀ náà sì mọ ìdí rẹ̀: ẹni tí ikùn rẹ̀ ti ṣófo láti àfẹ̀mọ́júmọ́ ń fẹ́ ohun dídùn tí yóò tètè fún un ní okun.

Ní òpópó kan tí ó kọjú sí ọ̀sà, opó kan wà tí ó ń ti ara dàbínù jẹun. Ìyá Ìbejì ni àdúgbò ń pè é. Ohun tí ó ní kò ju tábìlì kan, kúlà méjì, ẹ̀rọ ìlọta kan àti ìdajì fírísà lọ. Ìdajì ni, nítorí pé òun àti obìnrin kan tí ń ta òkú-èkó nínú ilé kan náà ni wọ́n jọ dáwó rà á. Àwọn méjèèjì ni wọ́n sì jọ ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ nígbà tí iná bá lọ. Nínú fírísà yìí ni ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí ẹnikẹ́ni kò jókòó kọ́ ọ.

Dàbínù kì í ṣe àjèjì létí Yorùbá mọ́, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ṣì ń fi ibi tí ó ti wá hàn. Ẹnu àwọn Hausa ni Yorùbá ti gba ọ̀rọ̀ náà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti gba àlùbọ́sà. Igi tí ń so ó jẹ́ ìbátan ọ̀pẹ tí ń fún àwọn ará ìsàlẹ̀ ní epo àti emu, àmọ́ ìwà àwọn méjèèjì kò bá ara mu. Ọ̀pẹ epo fẹ́ òjò. Ọ̀pẹ dàbínù fẹ́ kí gbòǹgbò òun rí omi, kí oòrùn sì máa na òun lórí. Igi akọ wà lọ́tọ̀, igi abo wà lọ́tọ̀. Abo nìkan ní í so, kò sì ní í so dáadáa bí ìyẹ̀fun òdòdó akọ kò bá dé ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn àgbẹ̀ fi ń gun igi lọ, tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé ìyẹ̀fun náà fún un. Kò lè rójú so ní Èkó, níbi tí òjò àti ọ̀rinrin pọ̀ sí. Jigawa, Kano, Katsina, Sokoto, Borno àti Yobe wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ó ti ń so. NIFOR, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ ti ìjọba àpapọ̀ tí ó wà nítòsí ìlú Benin, ní ẹ̀ka kan ní Dutse, ní Ìpínlẹ̀ Jigawa, tí ń mójú tó dàbínù. Òmíràn a sì máa ti ilẹ̀ Niger, Algeria, Tunisia àti Saudi Arabia wọlé. Ọ̀nà rẹ̀ jìn púpọ̀ kí ó tó dé orí ọmọlanke ní Bàrígà, ọwọ́ tí ó sì kàn án lójú ọ̀nà kò níye.

Kòkòrò ni ó kọ́kọ́ mú obìnrin náà ronú kan yìnyín. Ó ra ìdajì àpò nígbà tí ó pọ̀ lọ́jà, ó dì í sórí pẹpẹ. Kí oṣù méjì tó pé, kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Ó mú díẹ̀ lọ́wọ́ lọ bá ẹni tí ó tà á fún un.

“Màlámù, ẹ wo ohun tí ẹ tà fún mi.”

Ọkùnrin náà tú ẹyọ kan wò, ó mi orí. “Màmá, ẹ má bínú. Inú ooru ni ẹ fi í sí. Ẹ fi ọ̀rá dì í, ẹ gbé e sínú fírísà.”

Òótọ́ ni ó sọ. Bí òtútù bá mú dé ìwọ̀n 18 sísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí dàbínù sì wà nínú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin ó kéré tán, kòkòrò àti ẹyin rẹ̀ yóò kú. Bí ó bá sì wà níbẹ̀ láìkúrò, ó lè pé ọdún kan kí adùn rẹ̀ tó yẹ̀. Ohun tí ó ya obìnrin náà lẹ́nu ni pé kò le bí òkúta. Omi inú dàbínù gbígbẹ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún lọ, ṣúgà rẹ̀ sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kì í jẹ́ kí omi díẹ̀ náà dì pa. Ẹni tí ó bá mú un láti inú yìnyín lè máa jẹ ẹ́ bí tọ́fì. Nígbà mìíràn, ohun funfun tínńtínní a yọ sí ara rẹ̀. Àwọn oníbàárà kan rò pé ó ti bu ni. Ṣúgà rẹ̀ ni ó jáde. Èyí tí ó bu a hu irun, a sì máa rùn. Èyí tí ó jẹ́ ṣúgà a yọ́ bí ó bá rí ooru díẹ̀.

Ṣùgbọ́n fírísà kì í ṣe àpótí àdììtú. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní tí obìnrin náà gbé dàbínù sínú rẹ̀, ó fi í sínú ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú-èkó. Ìgbà tí ó gbé e jáde, ó dùn bí oyin, ó ń rùn bí ẹja. Dàbínù a máa fa òórùn mọ́ra. Ohun tí ó bá bá gbé ni yóò jọ. Ó tún kíyè sí ohun kejì. Iyanrìn tí ó bá dàbínù wọ inú yìnyín bá a jáde. Òtútù pa kòkòrò, ṣùgbọ́n òkú kòkòrò ṣì wà níbẹ̀; òtútù dá kòkòrò àrùn tí ojú kò rí dúró, ṣùgbọ́n kò pa gbogbo rẹ̀. Yìnyín kì í fọ dàbínù. Bí ó bá ti bá a ni yóò ṣe tọ́jú rẹ̀ pamọ́. Láti ìgbà náà ni ó ti ń ṣà á kí ó tó dì í: ó ń là á sí méjì, ó ń yọ kóró, ó ń wo inú, ó ń fi omi tó mọ́ ṣàn án, ó ń sá a kí ara rẹ̀ gbẹ, lẹ́yìn náà ni ó ń rọ ọ́ sínú ike tí ọmọrí rẹ̀ dé pa.

Èyí tí ó bá wà ní ìpamọ́ báyìí wúlò púpọ̀. Bí ó bá ti yọ́, a rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tí wọ́n sì lọ̀ ọ́ kúnná, a dà bí oyin tó ki. Ìyẹn a máa dípò ṣúgà nínú ògì, nínú fúrá, nínú wàrà tútù àti nínú àkàrà òyìnbó. Ẹlòmíràn a fi ẹ̀pà tàbí àgbọn sí ojú ibi tí kóró ti jáde, a sì fi ṣe ìpanu fún àlejò. Ọmọdé tí kò tíì mọ nǹkan jẹ dáadáa ni kò yẹ kí a fún ní odidi rẹ̀, nítorí pé kóró tàbí ẹran rẹ̀ lè há a lọ́fun. Ohun tí Ìyá Ìbejì ń tà jù ni kúnù imumu. Yóò rẹ imumu mọ́jú, yóò pààrọ̀ omi rẹ̀, yóò kó o pọ̀ mọ́ àgbọn, dàbínù, atalẹ̀ àti kànáfùrù díẹ̀, yóò lọ̀ ọ́, yóò sẹ́ ẹ, yóò rọ ọ́ sínú ìgò oníke, yóò sì gbé e sínú òtútù kíákíá.

Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà rẹ̀ jẹ́ bàbá kan tí ó ti fẹ̀yìntì nínú iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú. Ìgò méjì ni bàbá náà ń mu lójúmọ́. Lọ́jọ́ kan, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, kò nawọ́ mú ìgò.

“Ìyá Ìbejì, wí fún mi kí ọkàn mi balẹ̀. Wọ́n ní mo ní àtọ̀gbẹ. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń ta tiwọn lókè lọ́hùn-ún kọ ọ́ sára ìgò pé kò sí ṣúgà nínú rẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni tìrẹ?”

Obìnrin náà mọ ohun tí ìdáhùn rẹ̀ yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì rẹ̀ ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ, òun ni ó sì ti ka ìwọ̀n rẹ̀ fún un. Nínú gíráàmù 100 dàbínù gbígbẹ, nǹkan bí gíráàmù 63 ni ṣúgà. Fáíbà tí ń mú kí ìgbẹ́ rọ̀ tó gíráàmù 8. Potasíọ́mù tó nǹkan bí mílígíráàmù 650. Agbára rẹ̀ tó kálórì 280. Fítámì Sí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú rẹ̀ rárá. Òtútù kò sọ ìwọ̀nyí di púpọ̀, kò sì bù nínú wọn tó ohun tí ènìyàn ń sọ. Ẹyọ kékeré kan tí wọ́n ti yọ kóró rẹ̀, tí ó wọ̀n tó gíráàmù 7, ní ju gíráàmù 4 ṣúgà lọ. Ẹni tí ó jẹ ẹ́ lódidi a jẹ fáíbà rẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí kì í jẹ́ kí ṣúgà náà sáré wọ inú ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá lọ̀ ọ́ tí wọ́n sì sẹ́ ẹ, púpọ̀ nínú fáíbà a bá èérí lọ, ṣúgà a sì dúró sínú omi.

“Bàbá, ẹ má bínú sí mi,” ni ó wí. “N kò bu ṣúgà sí i, ṣùgbọ́n ṣúgà wà nínú rẹ̀. Dàbínù mẹ́wàá ni ó wọ ìgò kan. Ẹ kọ́kọ́ bi dókítà yín kí ẹ tó tún mu ún.”

Bàbá náà wò ó títí, ó kí i, ó sì lọ. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ojú ọ̀nà ibòmíràn ni bàbá náà ń gbà.

Nínú ọ̀sẹ̀ méjì yìí ni ìdánwò gidi dé. Nínú Rámádánì náà, iná lọ fún ọjọ́ mélòó kan, jẹnẹrétọ̀ náà sì kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Nígbà tí ó yá, iná dé. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ kejì, gbogbo ìgò kúnù tún ti dì gbagidi. Ogójì ìgò ni, ó lẹ́wà lójú. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ní àṣà kan: ó máa ń fi ife omi kan sínú fírísà, bí ó bá ti dì, a gbé owó kọ́bọ̀ àtijọ́ kan lé e lórí. Nígbà tí ó yọ ife náà wò, kọ́bọ̀ ti wà ní ìsàlẹ̀ yìnyín. Gbogbo rẹ̀ ti yọ́ kí ó tó tún dì.

Dàbínù fúnra rẹ̀ kò fara pa. Àìlómi rẹ̀ àti ṣúgà rẹ̀ ni odi tí ń ṣọ́ ọ. Ọjọ́ díẹ̀ láìsí òtútù kò lè wó odi náà. Kúnù kò ní irú odi bẹ́ẹ̀. Ní kété tí omi, àgbọn àti imumu ti dà pọ̀ mọ́ ọn, ohun tí ó lè wà fún ọ̀pọ̀ oṣù ti di ohun tí wákàtí díẹ̀ nínú ooru Èkó lè sọ di májèlé.

Ẹlẹ́ja dúró lẹ́yìn rẹ̀. “Ìyá Ìbejì, ó ti tún dì. Ta ni yóò mọ̀?”

“Kọ́bọ̀ yìí mọ̀,” ni ó fèsì. “Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ẹni tí kò jẹun láti àárọ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbé e mì.”

Ó yọ́ ogójì ìgò náà, ó dà wọ́n sí gọ́tà, owó ọjà ọjọ́ mẹ́rin sì bá wọn lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò sí kúnù lórí tábìlì. Àgbọn gígé àti dàbínù tí ó ti yọ kóró wọn ni ó tò síbẹ̀, tútù minimini. Díẹ̀ nínú àwọn oníbàárà rẹ̀ kùn, wọ́n kọjá lọ. Nígbà tí ìpè àdúrà kù díẹ̀, bàbá atẹ̀wé yà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.

“Mo ti bi dókítà,” ni ó wí. “Ẹyọ méjì péré ni ó fún mi láyè, kì í sì í ṣe lílọ̀. Ka méjì fún mi.”

Ó ka méjì fún un, ó fi ewé dì í. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ọwọ́ méjèèjì ni ó fi gbà á.