Orúkọ Olólùfẹ́ Lára Afárá Olórùlé

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ọmọge ilé, ǹjẹ́ ẹ ti rí afárá tí ó ní ògiri àti òrùlé bí ilé rí? Ẹ jẹ́ kí a jọ dé ìpínlẹ̀ Iowa ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní agbègbè àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Madison County. Irú afárá bẹ́ẹ̀ 19 ni ó wà níbẹ̀ rí. 6 péré ni ó kù.

Ẹ lè bèèrè pé, kí ni afárá ń fi òrùlé ṣe? Nítorí òjò ni. Ìtì igi ńlá tí ó gbé afárá ró wọ́n púpọ̀, bí òjò bá sì ń pa á, kò ní í pẹ́ jẹrà. Ó sàn kí pákó ògiri gbó, nítorí owó kékeré ni a fi ń pààrọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni afárá Roseman, tí Benton Jones kọ́ ní ọdún 1883, ṣe wà títí di òní.

Ṣùgbọ́n òrùlé náà ṣe iṣẹ́ mìíràn. Ní ayé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, ojú ará àdúgbò kì í tó inú irú afárá bẹ́ẹ̀, àwọn tí ń fẹ́ra wọn sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn a fa ọ̀bẹ yọ, wọn a gbẹ́ orúkọ ọkùnrin àti ti obìnrin sára pákó, wọn a ya àwòrán ọkàn yí i ká. Nígbà tí ìwé ìtàn ìfẹ́ kan nípa àwọn afárá náà jáde ní 1992, tí ó di sinimá ní 1995, àwọn àlejò láti ọ̀nà jíjìn náà wá kọ tiwọn.

Ẹ wá gbọ́ o! Ní oṣù September 2002, ẹni ibi kan ti iná bọ afárá Cedar. Gbogbo orúkọ inú rẹ̀ di eérú. Wọ́n tún un kọ́ ní 2004. Wọ́n tún dáná sun ún ní 2017. Òmíràn ti dúró níbẹ̀ láti 2019, ṣùgbọ́n pákó tí ọmọge kan gbẹ́ orúkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sí kò lè padà mọ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá débẹ̀, ẹ fi ojú wò, ẹ má fi ọ̀bẹ kàn án. Ẹ̀yin ọkọ, bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ ìfẹ́ láti kọ, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ fi lé ìyàwó yín lọ́wọ́ lónìí. Òun ni yóò mọ ibi tí yóò tọ́jú rẹ̀ sí.