Kí A Tó Gbé Àga fún Alágbàtà

Òwò alágbàtà kì í ṣe tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Kí a tó bí àwọn tó bí wa ni àwọn ìyá ti ń gba ìkòkò lọ́wọ́ amọ̀kòkò, tí wọ́n ń gba aṣọ lọ́wọ́ aláṣọ, tí wọ́n sì ń dá owó padà lẹ́yìn tí ọjà bá tà. Ohun kan náà ni àwọn ṣọ́ọ̀bù kan ń ṣe l'Ékòó lónìí pẹ̀lú àga àti tábìlì tí káfíńtà fi ọwọ́ ṣe. Oníṣẹ́ a gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá, ṣọ́ọ̀bù a pàtẹ rẹ̀; bí ó bá tà, wọn a yọ ìdá tiwọn, wọn a sì fún oníṣẹ́ ní ìyókù. Títí di ọjọ́ tí yóò tà, oníṣẹ́ ló ni ín.

Káfíńtà ni ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn. Ọjà pákó Bódìjà ni ó ti ń ra igi, èmi ni mo sì ń bá a ṣe ìṣirò. Ẹ jẹ́ kí á fi àga kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní igi, èèlò àti owó iṣẹ́ jẹ́ ₦40,000, tí owó ọkọ̀ dé Èkó jẹ́ ₦5,000. Bí a bá tà á ní ₦60,000, ènìyàn yóò rò pé èrè ₦15,000 wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ṣọ́ọ̀bù bá ń yọ ìdá 30 nínú 100, ₦18,000 ti lọ. ₦42,000 ni yóò kan oníṣẹ́ tó ti ná ₦45,000. Ọjà tà, oníṣẹ́ pàdánù ₦3,000. Kí ó tó lè jèrè ₦11,000, àfi kí ó tà á ní ₦80,000.

Ìṣirò rọrùn ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Nígbà kan, ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ gbé tábìlì ìrókò fún ìyá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ní kí a kọ ìwé àdéhùn.

"Àbúrò mi, ìyá yìí tó bí mi. Ṣé kí n máa na bírò sí wọn bí ọlọ́pàá ni?"

Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Lójú tiwa, ẹni tó béèrè ìwé lọ́wọ́ àgbà dà bí ẹni tó pè é lólè.

Tábìlì náà lo oṣù mẹ́fà lẹ́bàá fèrèsé. Ìrókò tuntun a máa ní àwọ̀ ìyeyè. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe ń bà á ni ó ń dúdú sí i. Wọ́n gbé ìkòkò òdòdó lé e. Nígbà tí wọ́n gbé e kúrò, ojú ibẹ̀ mọ́ roboto bí òṣùpá. Ẹ̀rọ amúlétutù sì ti mú kí igi náà sún kì, oríkèé ẹsẹ̀ kan là díẹ̀.

"Káfíńtà, ọjà yín ti lábàwọ́n. Mo ti dín owó rẹ̀ kù kí ó lè tà."

Iye tuntun náà kò tó owó igi.

"Ẹ jọ̀wọ́, mà, ta ni ẹ bi?"

"Níbo la ti kọ ọ́ pé kí n bi ẹnìkan?"

Ẹnikẹ́ni kò jalè nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá náà gbà pé ẹni tó ń pàtẹ ọjà ló mọ iye tí yóò tà. Ẹ̀gbọ́n mi gbà pé ẹni tó ni ọjà ló ni àṣẹ. Kò sí ìwé tí yóò là wọ́n. Ó gbé tábìlì rẹ̀ wálé. Sáńpépà pa àmì náà rẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kò kí ara wọn mọ́ bí ti tẹ́lẹ̀. Èyí ló dun ẹ̀gbọ́n mi ju owó lọ.

Láti ìgbà náà, ojú ìwé kan péré ni à ń kọ: iye tí ọjà yóò tà, àti iye tí a kò gbọ́dọ̀ tà á sísàlẹ̀ rẹ̀, ìdá ti ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́ tí owó yóò dé, oṣù tí ọjà yóò lò, ẹni tí yóò tún àbàwọ́n ṣe, àti ẹni tí yóò san owó ọkọ̀ bí ọjà bá ń padà bọ̀. A máa ń ya àwòrán ọjà lọ́jọ́ tí a bá gbé e lọ, tọ̀tún tòsì a sì fọwọ́ sí ìwé. Gbólóhùn kan ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń na bírò náà sí wọn: "Ẹ má bínú, mà, nítorí ìgbàgbé ni." Oníṣọ́ọ̀bù kankan kò tíì bínú sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbé iṣẹ́ ọwọ́ yín fún alágbàtà, ẹ má jẹ́ kí ìtìjú dí yín lọ́wọ́. Àwọn àgbà tí kò kọ ìwé ní ẹlẹ́rìí tiwọn: ará àdúgbò ló ń gbọ́ àdéhùn wọn. Ìwé ni ẹlẹ́rìí àwa tí à ń gbé ọjà fún ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà sí tiwa.