Ìkòkò Òdòdó fún Ìyá: Ìrìn-àjò sí Dada ní Ìlọrin

Àwọn àgbà a máa wí pé àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ní tèmi, ìkòkò kékeré kan ni mo rìn jìnnà kí n tó rí. Ohun tí mo kọ́ níbi tí mo ti ń wá a ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin tí ìyá yín ṣì wà láàyè.

Ìyá mi fẹ́ràn òdòdó púpọ̀. Àgbàlá ilé wa ní Ìbàdàn kò tóbi, ṣùgbọ́n kò sí igun kan níbẹ̀ tí kò gbin nǹkan sí. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé ni ó máa ń já díẹ̀ nínú wọn, tí yóò sì tò wọ́n sórí tábìlì, lẹ́bàá àwòrán bàbá wa tí ó ti sùn nínú Olúwa. Agolo mílíìkì ni ó ń tò wọ́n sí. Agolo yìí a máa tì mí lójú níwájú àlejò. Nítorí náà ni mo ṣe ra ìkòkò òdòdó gíga kan fún un ní Èkó, onígíláàsì, tí ó ń dán bí omi. Ìyá mi gbà á tayọ̀tayọ̀, ó súre fún mi, ó sì gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Òdòdó kan kò wọ inú rẹ̀ rí. Nígbà tí mo béèrè ìdí rẹ̀, ó ní, “Ọmọ mi, ó ti dára jù.” Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, mo sì rò ó nínú ara mi pé ìyá mi kò mọ iyì ẹ̀bùn.

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó pé ẹni àádọ́rin ọdún, mo pinnu pé n ó tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo mú ọ̀nà Ìlọrin pọ̀n láàárọ̀ kùtùkùtù. Ọ̀nà náà gba Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá, ó sì tó nǹkan bí 160 kìlómítà. Ní Ọ̀yọ́, àwọn igbá fínfín fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi dúró, bí kì í bá ṣe pé ìkòkò ni mo ń wá.

Ibi tí a ń pè ní Dada wà ní apá Òkèlele nínú ìlú Ìlọrin. Iṣẹ́ ìkòkò mímọ ni a fi mọ ibẹ̀, iṣẹ́ obìnrin sì ni, tí ìyá ń fi lé ọmọbìnrin lọ́wọ́. Wọn kò lo ẹ̀rọ tí ń yí ìkòkò. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń mọ ọ́n. Bí ìkòkò bá ti gbẹ, wọn a kó o jọ sí ìta gbangba, wọn a fi igi àti koríko bò ó, wọn a sì ti iná bọ̀ ọ́. Láti inú iná ni wọ́n ti ń gbé e sínú omi tí a fi èèpo irúgbá sè, òun ni ó sì ń fún un ní àwọ̀ dúdú tí ń dán.

Mo kí wọn kú iṣẹ́, mo sì na ọwọ́ sí ìkòkò ńlá kan tí a ṣe ọnà sí lára yíká. Ìyá arúgbó tí ó ni ín wò mí, ó ní, “Ta lo fẹ́ rà á fún?”

Mo ní, “Ìyá mi ni, Màmá. Wọ́n fẹ́ràn òdòdó.”

“Irú òdòdó wo? Báwo ni ọ̀pá rẹ̀ ṣe gùn tó? Ṣé ọwọ́ ìyá rẹ ṣì lè gbé ìkòkò tí omi kún?”

Ẹ̀yin ará, n kò rí èsì fọ̀. Mo ti jẹ òdòdó náà lójú fún ogún ọdún, n kò sì wo ọ̀pá rẹ̀ rí. Ìgbà náà ni mo rántí pé làkúrègbé ti ká ìka ìyá mi kò, àti pé kúkúrú ni gbogbo òdòdó rẹ̀. Nínú ìkòkò gíga tèmi, ńṣe ni wọn ì bá rì mọ́lẹ̀. Agolo tí mo ń tijú rẹ̀ fúyẹ́, gíga rẹ̀ bá òdòdó mu, ẹnu rẹ̀ kò sì fẹ̀ débi tí òdòdó yóò fi ṣubú síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ìyá mi mọ iyì ẹ̀bùn. Èmi ni n kò mọ ìyá mi.

Mo fóònù àbúrò mi obìnrin pé kí ó fi ìka wọn agolo náà ní ìkọ̀kọ̀. Ẹnu rẹ̀ jẹ́ ìka mẹ́rin, gíga rẹ̀ kò sì ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Ìyá amọ̀kòkò wá èyí tí ó bá a dọ́gba, tí ìdí rẹ̀ tẹ́ dáadáa, tí ọrùn rẹ̀ sì ṣeé dì mú.

Ẹni tí yóò ra irú rẹ̀ ní láti mọ̀ pé ìkòkò amọ̀ a máa mu omi jáde díẹ̀díẹ̀. Ohun náà gan-an ni ó ń mú kí omi inú àmù tutù. Nítorí náà, ẹ gbé àwo sí abẹ́ rẹ̀, tàbí kí ẹ gbé ife sí inú rẹ̀, kí tábìlì má baà bàjẹ́. Èyí tí a fi ohun dídán bò, tí a sì sun nínú ààrò gbígbóná gidigidi, kì í jò. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní ilé ìkòkò Abuja àtijọ́, tí a ń pè ní Suleja lónìí, níbi tí Ladi Kwali ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1954, obìnrin tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó ogún náírà. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ewé wà nínú omi, nítorí ewé jíjẹrà a máa pa òdòdó.

Ní ọjọ́ ìbí náà, ìyá mi fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbé ìkòkò náà wò. Kò sọ pé ó dára jù. Ó bọ́ sí àgbàlá lọ́gán, kò sì pẹ́ tí ó fi padà wọlé pẹ̀lú òdòdó mẹ́fà. Agolo ti di ohun tí ó fi ń bu omi rin wọn.

Ẹ̀yin ọmọ, kí ẹ tó ra ẹ̀bùn fún ìyá yín, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ó ń lò, kí ẹ sì wo ọwọ́ tí ó fi ń lò ó.